Ìràwọ̀ Tó Ti Bú Rí Tún Tàn: Kí Ni Ìmọ́lẹ̀ Infrared Ń Sọ Nípa Rẹ̀?

Láti ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ T Coronae Borealis ti ń jà ràn-ìn lórí ẹ̀rọ ayélujára, kò sì yọ Abẹ́òkúta sílẹ̀. Fọ́nrán ń tinú fóònù kan bọ́ sí òmíràn: ìràwọ̀ kan fẹ́ bú, òru yóò mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, àmì ìgbà ìkẹyìn ni. Mo gbọ́ ọ ní Kútọ̀, mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Kò sí òru kankan tí yóò di ọ̀sán. Bí ìràwọ̀ yẹn bá bú, kò ní mọ́lẹ̀ ju àwọn ìràwọ̀ ńláńlá tí a ń rí lálaalẹ́ láti orí Olúmọ lọ. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí yóò wò kò tilẹ̀ ní fura pé ohun kan ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí tí àwọn fọ́nrán náà kò fọwọ́ kàn, òun gan-an ló jẹ mí lógún. Bí ìràwọ̀ tó ti bú nígbà kan bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó tún bú ni, tàbí nǹkan mìíràn ló ń ṣe é? Mímọ́lẹ̀ nìkan kò lè sọ fún wa. Àfi kí a tú ìmọ́lẹ̀ náà palẹ̀, pàápàá apá tí ojú ènìyàn kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní infrared. Ìràwọ̀ kan wà níhà gúúsù ojú ọ̀run, V1047 Centauri ni orúkọ rẹ̀, tó sọ ìbéèrè yìí di iṣẹ́ ńlá fún àwọn onímọ̀ láti ọdún 2019. Tirẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, kí a tó padà sórí T Coronae Borealis tí gbogbo ayé ń retí.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí nova jẹ́ ná. Ìràwọ̀ méjì ló máa ń wà níbẹ̀, tí wọ́n sún mọ́ra, tí wọ́n ń yí ara wọn po. Ọ̀kan ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ tán. Ohun tó ń jó nínú rẹ̀ ti tán, ó ti sún kì títí ó fi kéré tó ilé ayé tí a wà yìí, síbẹ̀ ó ṣeé ṣe kó wúwo tó oòrùn. White dwarf ni wọ́n ń pè é. Èkejì rẹ̀ ṣì wà láàyè, òun sì ni white dwarf náà ń fa gáàsì lára rẹ̀. Gáàsì tó ń fà yìí kì í já lù ú tààrà. Ó máa ń yí i po ná, ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ ká a mọ́lẹ̀, kó tó máa rọra balẹ̀ sí i lára. Ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ yìí ni n ó máa pè ní àwo gáàsì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi í sọ́kàn, torí ọwọ́ rẹ̀ ni ìdààmú V1047 Centauri ti bẹ̀rẹ̀.

Háídrójìn ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń balẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ó ń nípọn sí i, ó ń gbóná sí i, ìwúwo white dwarf náà ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Nígbà tó bá yá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò gbaná, irú iná tó wà nínú bọ́ǹbù háídrójìn, gbogbo ohun tó ti kó jọ yóò sì fò dànù sójú òfuurufú. Bíbú yẹn ni nova. Ìràwọ̀ náà kò kú. Ohun tó kó sára nìkan ló bọ́ sílẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó òmíràn jọ. Supernova, èyí tí ìràwọ̀ ti máa ń bú pátápátá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ọ̀pọ̀ nova ni yóò dúró fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kó tó tún bú. Àwọn díẹ̀ kì í ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. RS Ophiuchi ti bú ní 1898, 1933, 1958, 1967, 1985, 2006 àti 2021. T Coronae Borealis bú ní 1866, ó tún bú ní 1946, ìyẹn 80 ọdún síra wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń retí rẹ̀ ní àsìkò tiwa yìí. Àwọn kan ti fọwọ́ sọ̀yà pé 2024 ni, ọdún náà sì kọjá lọ láìsí nǹkan kan. Àṣìrò ọdún kan tàbí méjì nínú 80 ọdún kò tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ bú onímọ̀.

Ọ̀nà kejì wà tí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbà mọ́lẹ̀ láìbú rárá. Gáàsì lè máa kó jọ sínú àwo yẹn láìtètè ṣàn dé ara white dwarf. Bó bá pọ̀ tó, àwo náà yóò gbóná lójijì, gáàsì yóò ya wọlé, ooru tó ti inú ìṣubú yẹn wá ni yóò sì máa tàn. Kò sí iná bọ́ǹbù níbẹ̀, ìràwọ̀ náà kò sì bọ́ ohunkóhun sílẹ̀. Dwarf nova ni wọ́n ń pè é, ó sábà máa ń lo ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, yóò sì rọlẹ̀. GK Persei, nova tó tàn yòò ní oṣù Kejì ọdún 1901, wá di oníwà yìí lẹ́yìn nǹkan bí 65 ọdún: láti àárín àwọn ọdún 1960 síwájú ló ti ń mọ́lẹ̀ tó tún ń rọlẹ̀ ní bí ọdún mẹ́ta mẹ́ta.

Láti ọ̀nà jíjìn, ohun kan náà ni méjèèjì: àmì kékeré kan tó túbọ̀ mọ́lẹ̀ ju ti àná lọ.

V1047 Centauri bú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005. William Liller ló rí i láti Chile. Nova gidi ni, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn, ó sì rọlẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. Àfi bó ti di oṣù Kẹrin ọdún 2019, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀. Nígbà tó gun dé òkè, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti fi nǹkan bí ìlọ́po 250 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ kò sún mọ́ ibi tó dé ní 2005. Ọdún 14 péré! Bó bá jẹ́ dwarf nova ni, kò sí nova kankan nínú àkọsílẹ̀ tó di dwarf nova kíákíá tó bẹ́ẹ̀.

Àwa tí a wà ní Abẹ́òkúta kò jìnnà sí i bí a ti rò. Ní oṣù Karùn-ún, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ kọjú sí gúúsù. Ẹ ó rí ìràwọ̀ mẹ́rin tí wọ́n tò bí àgbélébùú, tí kò ga sókè púpọ̀, pẹ̀lú ìràwọ̀ méjì tó mọ́lẹ̀ gan-an ní apá òsì wọn. Àárín àgbélébùú yẹn àti ìràwọ̀ méjì náà ni V1047 Centauri wà. Ojú lásán kò lè rí i, kódà ní 2019 tó mọ́lẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló wà, lókè àwọn òrùlé páànù tó kọjú sí ọ̀nà Ṣàgámù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tú ìmọ́lẹ̀ palẹ̀? Òṣùmàrè ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ pé ìmọ́lẹ̀ funfun kò dá wà, pé àwọ̀ púpọ̀ ló para pọ̀ dì í. Dígí onígun mẹ́ta lè ṣe iṣẹ́ yìí nínú yàrá. Bí a bá gba ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kọjá nínú irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ yóò tẹ́ gbọọrọ, ìlà tín-ín-rín yóò sì hàn níbi kan àti ibi kan nínú rẹ̀. Èròjà kọ̀ọ̀kan ló ni ìlà tirẹ̀. Ti háídrójìn kò jọ ti hílíọ̀mù, ti irin kò jọ ti sódíọ̀mù, kò sì sí bí èròjà náà ṣe lè jìnnà tó tí yóò yí ìlà rẹ̀ padà. Èéfín ni ìwà. William Huggins lo ọ̀nà yìí nígbà tí T Coronae Borealis bú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1866, nova àkọ́kọ́ tí wọ́n tú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ palẹ̀ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ìlà háídrójìn tó ń tàn yòò ló rí, ló bá hàn pé gáàsì gbígbóná ni ìràwọ̀ náà fi bora.

Ìlà wọ̀nyí ń sọ ju orúkọ èròjà lọ. Ẹni tó bá ti dúró ní Láfẹ́nwá nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń kọjá mọ̀ pé ohùn fèrè rẹ̀ máa ń ga bó ti ń bọ̀, á sì lọ sílẹ̀ bó bá ti kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀. Gáàsì tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ìlà rẹ̀ yóò yẹ̀ sí apá àwọ̀ búlúù. Èyí tó ń sá lọ, tirẹ̀ yóò yẹ̀ sí apá pupa. Bí gáàsì bá bú káàkiri lẹ́ẹ̀kan náà, apá kan ń bọ̀, apá kan ń lọ, ìlà yóò fẹ̀. Bó bá ṣe fẹ̀ tó ni gáàsì náà ṣe yára tó. Nípa èyí, ìlà kan ṣoṣo lè sọ bóyá ohun kan fò jáde lára ìràwọ̀, tàbí àwo gáàsì lásán ló ń yí po.

Infrared wá ńkọ́? Ní ọdún 1800 ni William Herschel tẹ́ àwọ̀ oòrùn sílẹ̀, tó sì ń fi ẹ̀rọ ìwọn-ooru wọn àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbé ẹ̀rọ náà kọjá pupa, síbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan mọ́, ooru tún ga sí i. Ìmọ́lẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí a kò lè rí. Gbogbo wa ti bá a pàdé: òun ni rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n fi ń ṣiṣẹ́, òun sì ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń nà síwájú orí wa lẹ́nu ọ̀nà báńkì nígbà kòrónà ń kà lára wa, nítorí pé ara ènìyàn pàápàá ń tàn nínú infrared.

Àǹfààní àkọ́kọ́ rẹ̀ ni eruku. V1047 Centauri wà ní àárín gbùngbùn ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó fẹ̀ bí àwọsánmà funfun la ojú ọ̀run já, eruku sì pọ̀ níbẹ̀ tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí mì. Infrared máa ń gba inú eruku yẹn kọjá. Ní gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ bíi máíkírọ́ọ̀nù 2.2 (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), ohun tí eruku ń dí lọ́wọ́ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó ń dí nínú ìmọ́lẹ̀ ojú.

Èkejì ni pé àwọn nova kan máa ń ṣe eruku tiwọn fúnra wọn. DQ Herculis, tó bú ní oṣù Kejìlá ọdún 1934, ń tàn lọ́wọ́ nígbà tó ṣàdédé ṣókùnkùn ní 1935, àwọn tó ń wò ó kò sì lè fi ẹ̀rí sọ ìdí rẹ̀. FH Serpentis ló wá tú àṣírí yìí ní ọdún 1970: bí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí ti ń rọlẹ̀ ni infrared rẹ̀ ń ga sókè. Ìmọ́lẹ̀ náà kò lọ síbì kankan. Eruku tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì nínú gáàsì tó bú ló gbà á sára, ó gbóná, ó sì ń tú u jáde ní infrared. Ẹni tó bá ń wo nova pẹ̀lú ojú lásán nígbà náà yóò sọ pé iná ti kú, bẹ́ẹ̀ iná kò kú. Ní V705 Cassiopeiae, tó bú ní 1993, infrared tilẹ̀ fi carbon monoxide hàn kí eruku rẹ̀ tó dì. Gáàsì yìí kan náà ni ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ń tú síta, tó ń pa àwọn tó tan ẹ̀rọ sínú ilé tó há. Pé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ lè wà lára ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bú bí bọ́ǹbù, èyí jọ mí lójú púpọ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé ìlà tó wúlò pọ̀ níbẹ̀. Hílíọ̀mù ní ìlà tó lágbára gan-an ní máíkírọ́ọ̀nù 1.083, háídrójìn ní tirẹ̀ ní 1.282 àti 2.166. Bí gáàsì bá gbóná tó ọ̀kẹ́ àìmọye digirii, silicon tó ti pàdánù ọ̀pọ̀ lára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ yóò fi ìlà hàn ní 1.96. Ìràwọ̀ kejì pẹ̀lú, èyí tí white dwarf ń fa gáàsì lára rẹ̀, sábà máa ń tutù ju white dwarf lọ, torí náà infrared ni ó ti máa ń hàn ketekete.

Ìṣòro rẹ̀ kan ni omi. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń gbé infrared mì, pàápàá ní àyíká máíkírọ́ọ̀nù 1.4 àti 1.9. Abẹ́òkúta tí aṣọ kì í tètè gbẹ ní oṣù Keje kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbé awò tó ń wo ìràwọ̀ ní infrared kalẹ̀ sí. Orí òkè gbígbẹ ni wọ́n ń wá. Awò Gemini South, tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 8.1, wà lórí Cerro Pachón ní Chile, ní nǹkan bí mítà 2,700 sókè. Òun ni onímọ̀ ìràwọ̀ Thomas Geballe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò láti tú infrared V1047 Centauri palẹ̀ ní 2019.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí jọ dwarf nova. Ìwọ̀n tó fi mọ́lẹ̀ bá a mu, kò sì mọ́lẹ̀ tó nova. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Lẹ́yìn tí nova bá bú, white dwarf náà máa ń gbóná fún ọ̀pọ̀ ọdún, ooru rẹ̀ á máa na èkejì rẹ̀, gáàsì á sì máa ya wá lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwo gáàsì tó ń gba irú ìṣàn bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná ní gbogbo ìgbà. Kò sí àyè fún un láti tutù, láti kó jọ, kó tó wá gbaná lójijì. Gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ tó wà nílẹ̀, kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 14. GK Persei tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan dúró fún nǹkan bí 65.

Ó wá burú sí i fún àlàyé náà. Ìràwọ̀ náà kò rọlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí dwarf nova. Ó lé ní 400 ọjọ́ tó fi wà bẹ́ẹ̀. Elias Aydi, onímọ̀ ìràwọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ ní South Africa rí, àti àwọn tó bá a ṣe ìwádìí tẹ iṣẹ́ ńlá kan jáde ní 2022. Wọ́n rí i nínú àwọn ìlà rẹ̀ pé gáàsì kan ń sáré ju kìlómítà 2,000 lọ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Irú eré yẹn, láti Abẹ́òkúta dé Kánò kò ní gbà tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ìgbì rédíò pẹ̀lú ń jáde lára rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwo gáàsì tó kàn gbóná kì í ju nǹkan síta báyìí. Síbẹ̀, agbára tó tú jáde àti bí àwọn ìlà rẹ̀ ṣe ń yí padà kò bá ti nova mu. Wọ́n dábàá pé ó ṣeé ṣe kí àwo gáàsì ló kọ́kọ́ mọ́lẹ̀, kí gáàsì tó ya wọlé wá fẹ́ iná tó ṣì ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára white dwarf láti ìgbà bíbú 2005, kí iná náà sì wá gbé ẹ̀fúùfù jáde. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, irú ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí lára irú ìràwọ̀ yìí ni.

Èmi gba àlàyé yìí ju ti dwarf nova lásán lọ, torí òun nìkan ló rí àyè fún ìgbì rédíò àti gáàsì asáré yẹn. Ohun tó sì dájú ni pé ká ní wíwọn bó ṣe ń mọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe, wọn ì bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé dwarf nova ni, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀.

Ti T Coronae Borealis yóò yàtọ̀. Èkejì tirẹ̀ jẹ́ ìràwọ̀ ńlá pupa tó ti wú, tó ń tú ẹ̀fúùfù gáàsì yí ara rẹ̀ ká, ọjọ́ 227 àtààbọ̀ sì ni wọ́n fi ń yí ara wọn po. Bí white dwarf bá bú nínú irú ẹ̀fúùfù bẹ́ẹ̀, gáàsì asáré yóò forí sọ èyí tó wà nílẹ̀. RS Ophiuchi ti fi èyí hàn. Ní 2006, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Íńdíà fi awò tí kò ju mítà 1.2 lọ ní Mount Abu wo infrared rẹ̀, wọ́n sì rí i bí ìlà rẹ̀ ti ń tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀: gáàsì náà ń forí sọ nǹkan, eré rẹ̀ sì ń dínkù. Ní 2021, nígbà tó tún bú, àwọn awò H.E.S.S. ní Namibia, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, gba ìtànṣán gamma tó lágbára gan-an láti inú ìkọlù kan náà.

Mítà 1.2 péré. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí àwọn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ fíṣíìsì ní FUNAAB àti níbòmíràn, tí wọ́n rò pé irú iṣẹ́ yìí kò sí fún wọn. Orílẹ̀-èdè wa ní ilé ìwádìí ìmọ̀ òfuurufú ní Nsukka. Àkọsílẹ̀ Gemini sì máa ń di ti gbogbo ayé lẹ́yìn àkókò díẹ̀. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àti dátà lè wà á jáde lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì wọn ìlà fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ máa fi èyí ṣe iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn ọmọ, dípò títún iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ti ṣe ṣe.

Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ ṣọ́ T Coronae Borealis láti Abẹ́òkúta, kò ṣòro. Láàrin oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá alẹ́, bí òjò bá jẹ́ kí ojú ọ̀run mọ́, ẹ wo òkè, kí ẹ fi ojú yà díẹ̀ sí àríwá. Ní oṣù Kẹta, aago márùn-ún ìdájí ló máa ń wà níbẹ̀, bí eruku ọyẹ́ bá ti lọ. Ẹ wá ìràwọ̀ méje tó tò ní ìlàjì òbìrípo. Ọ̀kan péré ló mọ́lẹ̀ dáadáa nínú wọn, Alphecca ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìta ìlàjì òbìrípo yẹn, nítòsí èyí tí wọ́n ń pè ní Epsilon, ni T Coronae Borealis wà, ojú lásán kò sì rí i báyìí. Bó bá bú, yóò mọ́lẹ̀ tó Alphecca, yóò sì tètè máa rọlẹ̀; ọjọ́ díẹ̀ ni ojú lásán yóò fi rí i kó tó pàdánù rẹ̀. Ẹni tó bá rí ìràwọ̀ kejì tó dọ́gba pẹ̀lú Alphecca níbẹ̀, kó kọ aago àti ọjọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí AAVSO, ẹgbẹ́ tó ti ń gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti ọdún 1911, nítorí wákàtí àkọ́kọ́ ni àwọn tó ni awò infrared ń wá jù lọ.